Fèrèsé tí Atẹ́gùn Ṣí

Ìṣó ni Àlàájà Karimot fi kan fèrèsé ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ pa. Fèrèsé náà kọjú sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ògiri ilé ìjọsìn kan ní Ìkọ̀sì, níbi tí ilé ti fara ti ilé bí ẹyin inú apẹ̀rẹ̀. Nínú àlàfo yìí ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣọ́ọ̀ṣì sí. Bí wọ́n bá ti tàn án fún ìsìn, èéfín a wọlé tọ Àlàájà bí àlejò tí kò mọ ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ Pásítọ̀, ó bẹ àwọn alàgbà. Wọ́n ní kí ó má bínú, pé iṣẹ́ Olúwa ni. Àlàájà ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ Olúwa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró òun náà, iṣẹ́ Olúwa ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lára jù lọ ni Ẹnjiníà Elkanah Adékọ̀yà. Alàgbà ni nínú ìjọ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé ní Ogudu, tí ó ń ta bátìrì àti ínfátà fún àwọn ilé iṣẹ́. Ènìyàn rere ni. Ó ti kà nípa àwọn ìlú tí ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná, tí ẹ̀rọ gíga gíga dúró létí òkun, tí wọ́n ń yí láìmu bẹntiróòlù, tí wọn kò sì tú èéfín kankan. Bí ó bá ti rò ó, inú rẹ̀ a dùn bíi ti ọmọdé: pé ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ sí wa lára lọ́fẹ̀ẹ́ ni a jẹ́ kí ó máa kọjá lọ, tí a wá ń to orí ìlà nítorí epo.

Ní àkókò náà, àwọn oníná ti pààrọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò pààrọ̀ tirẹ̀. Adékọ̀yà dìde nínú ìpàdé àwọn alàgbà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sí orí òrùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò máa fi iná sínú bátìrì. Nígbà tí ìsìn bá dé, bátìrì ni yóò gbé gílóòbù, fáànù àti maikirofóònù. Inú Pásítọ̀ Ládé dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ orin kí ìpàdé tó parí. Nígbà tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá náà kúrò, Adékọ̀yà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yíká lọ sí ọ̀dọ̀ Àlàájà.

"Ìyá," ó ní, "mo ṣèlérí fún yín níwájú Ọlọ́run. Èéfín ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní í wọlé yín mọ́ láéláé."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dúró, tí apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán nínú oòrùn, gbogbo àdúgbò ni ó jáde wòran. Success, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà, gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ti ra fáànù fún Ọlọ́run. Ṣé ooru ti wá ń mú Un lókè níbẹ̀ ni?"

"Success, ìwọ ni ooru ń mú," ni Adékọ̀yà dá a lóhùn. "Máa rán aṣọ oníbàárà rẹ. Ọdún Àjíǹde tó kọjá lo ti gbà á."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alátẹ́gùn. Àlàájà Karimot, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, tí ó ń kí ìrun rẹ̀ ní àkókò, bu ẹ̀gúsí bíbó sínú abọ́, ó gbé e wá fún ìyàwó Pásítọ̀ láti fi dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi Alátẹ́gùn fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó gun òrùlé lọ wọn atẹ́gùn wò, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ni ó ń jà, tí agbòòrùn àwọn aláta ní Mile 12 ń fò bí ẹyẹ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn wọn atẹ́gùn ibì kan yí ọdún po kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìwé ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí ti jáde lẹ́nu rẹ̀, orin ti gbọlé kan, ẹnu òrofó ni ó sì ń pa òrofó. Nígbà tí ìjì lọ tán, atẹ́gùn Ìkọ̀sì padà di ohun tí ó ti ń jẹ́ láàárín àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ohun pẹ̀lẹ́ tí ń fẹ́ aṣọ orí okùn díẹ̀, tí ó sì ń dúró sinmi. Ẹ̀rọ náà ń yí bí arúgbó tí ń ronú. Ó dára láti wò. Kò fi nǹkan kan sínú bátìrì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, maikirofóònù kú mọ́ Pásítọ̀ Ládé lẹ́nu láàárín ìwàásù. Pásítọ̀ ní Sátánì ni. Ìjọ dìde dúró, wọ́n de Sátánì mọ́lẹ̀, wọ́n sì bá a wí gidigidi. Adékọ̀yà mọ̀ pé Sátánì kò mọ nǹkan kan nípa bátìrì náà. Síbẹ̀, òun ni Àmín rẹ̀ ròkè jù lọ.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wá nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, irú èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, nítorí pé ẹni tí ó bá ní i ti kúrò ní ẹgbẹ́ aládùúgbò tí ń fi àbẹ́là jẹun. Ó gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn tí bátìrì wà, níbi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó kan àpótí bò ó, ó fi fóòmù tẹ́ inú àpótí kí ariwo má baà jáde, ó sì dá ògiri lu, ó fi páìpù sàlẹ́ńsà rẹ̀, tí èéfín ń bá jáde, yọ sínú àlàfo. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé fèrèsé Àlàájà tí ó wà níwájú ihò náà, ìṣó ni wọ́n fi kàn án pa. Ní Sátidé, tí gbogbo aránṣọ àti onígbàjámọ̀ tan tiwọn lójú títì, ta ni yóò gbọ́ ohùn kékeré kan láti inú àpótí?

Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di àṣà. Bí Sátidé bá ti dé, yóò wá láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, yóò ní òun ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gílóòbù a mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn ènìyàn a jẹ́rìí, wọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún atẹ́gùn àti fún Alàgbà Adékọ̀yà. Òun a sì tẹrí ba níbi ìjókòó rẹ̀, tí àwọn ará a máa sọ pé ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan tí ó tètè dé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó bá Àlàájà Karimot níwájú ilé lórí àga, ó fi ìborùn di orí pinpin. Salaudeen, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé ní Mende, dúró tì í.

"Alátẹ́gùn, ṣé dáadáa ni?" ni Àlàájà wí.

"Dáadáa ni, Ìyá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó jọ pé ara yín kò yá."

"Orí ni, ọmọ mi. Bí Sátidé bá ti dé báyìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, èébì á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá di ọjọ́ Ajé, á lọ; tọ̀sẹ̀ yìí ni kò tíì lọ tán. Mo ní bóyá Sátidé ló ń bá mi jà."

Salaudeen kò rẹ́rìn-ín. "Daddy, Sátidé tó kọjá, ilẹ̀ ni mo ti bá wọn. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Gbàgádà. Ó ní ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Mummy ní rárá."

"Mo ní atẹ́gùn ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùnlé mi ń lò," ni Àlàájà fi kún un, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀ bí ti ẹni tí ń fi ọmọ yangàn. "Mo tilẹ̀ dá orúkọ rẹ fún un. Mo ní Ẹnjiníà kan wà ládùúgbò wa tí ó mọ ẹ̀tọ́ aládùúgbò."

"Ni dókítà bá ní bóyá ọkàn ni," Salaudeen wí. "Ó kọ oògùn ọkàn fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé gbayawu, kí atẹ́gùn máa wọlé."

"Fèrèsé wo?" Adékọ̀yà béèrè.

"Ti ẹ̀yìn ni," Àlàájà dáhùn. "Ọjọ́ tí ẹ ya ẹ̀rọ yín sí mímọ́ ni mo ti ní kí Salaudeen bá mi yọ ìṣó rẹ̀. O ti ṣèlérí, kí ni mo tún ń ti fèrèsé fún? Ìdí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó bó ẹ̀gúsí mi ní Sátidé. Àfi pé ẹ ti lo atẹ́gùn tán lórí òrùlé; mo gbé atẹ sókè kí èèpo lè fò, èèpo ò fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di orí rẹ̀ mú.

Adékọ̀yà mọ àìsàn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ni ó máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé èéfín jẹnẹrétọ̀ a máa pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Ohun tí ó jáde ni, "Ọlọ́run yóò wò yín sàn, Ìyá."

"Àmín," ni Àlàájà wí. "Salaudeen ní àfi kí n bá òun lọ sí Mende, pé ilé yìí ló ń ṣe mí. Sátidé yìí ni ó fẹ́ kó mi. Mi ò fẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé yìí, ó rù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní kó dìde, ó yẹ kó dìde."

Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dá lórí òfin pé kí a fẹ́ ọmọnìkejì wa bí ara wa. Pásítọ̀ Ládé fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Fẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, àti fẹ́ tí à ń fẹ́ ara wa, ohùn kan náà ni. Ohun tí ìwọ bá ń fẹ́ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ, òun ni ìfẹ́ rẹ. Àbí, Alátẹ́gùn?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí i. Adékọ̀yà ní bẹ́ẹ̀ ni. Pásítọ̀ wá kéde pé àwọn alàgbà ìjọ kan láti Gbàgádà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi láti wá wo ẹ̀rọ náà, kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gílóòbù ń tàn lórí gbogbo wọn.

Nílé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Joanna ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Daddy Dàmọ́lá, ṣé ọjà ni?"

"Kì í ṣe ọjà."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le."

Ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Ìgbàkúùgbà tí ó bá di ojú, fèrèsé náà ni ó ń rí, ní ṣíṣí, pẹ̀lú ìyá arúgbó kan nídìí rẹ̀ tí ń bó ẹ̀gúsí, tí ó ń dúró de atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kì í ṣaláì rí ọ̀nà àbùjá. Kí ó tó dìde lórí orúnkún, ọ̀nà kan ti yọ sí i: yóò ra páìpù gígùn, yóò fà á gba ara ògiri lọ sókè kọjá òrùlé. Èéfín á lọ sójú ọ̀run, Àlàájà á yá, ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ra páìpù náà ní Ketu, ó sì ń kọrin nínú ọkọ̀ nígbà tí ó ń padà bọ̀. Àfi pé láàárín orin, nǹkan kan rọra bi í pé: oògùn ọkàn tí ìyá náà ń lò fún ọkàn tí kò ṣàìsàn ńkọ́? Ilé tí wọ́n fẹ́ kó o kúrò nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó kọrin sókè sí i.

Nígbà tí ó dé Ìkọ̀sì ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ Salaudeen ti dúró níwájú ilé, búùtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹní ìkírun wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí kan àti àpò ẹ̀gúsí tí wọ́n kò tíì bó. Àlàájà jókòó sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ bí ẹni tí kò tíì gbà.

"Alátẹ́gùn, mo ń lọ," ó ní. "Bá mi máa wo ilé. Mo fi fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí inú ilé má baà rùn. Ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ."

"Ìyá."

"Jẹ́ kí n súre fún ọ kí n tó lọ. Bí o ṣe gba èéfín kúrò nímú mi, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí o fi ojú sunkún ọmọ. Ẹnu tí o fi ṣèlérí fún mi, tí o sì mú un ṣẹ, kò ní í ṣì sọ."

Ó dúró de Àmín. Adékọ̀yà ti ń ṣe Àmín láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe é nígbà tí kò gbọ́ àdúrà, ó ti ṣe é nígbà tí ó ń tòògbé, ó ti ṣe é lé irọ́ lórí. Èyí há sí i lọ́fun bí egungun ẹja.

"O ò ṣe Àmín," ni Àlàájà wí.

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má lọ. Kì í ṣe ọkàn yín, kì í sì í ṣe ilé yín. Èmi ni."

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí yàrá náà, ó sì gbé ìdérí àpótí kúrò. Salaudeen wo jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, ó wo páìpù, ó fi ojú tẹ̀ lé e títí dé ihò ògiri. Ó jáde lọ sínú àlàfo lọ wo òdìkejì. Nígbà tí ó padà, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"I-better-pass-my-neighbour," ó ní. "Daddy, ẹ ti pass neighbour lóòótọ́. Lọ́jọ́rú, mo sọ fún yín pé ilẹ̀ ni mo ti bá ìyá mi. Ẹ gbọ́. Ẹ ní Ọlọ́run á wò wọ́n sàn, ẹ sì wọlé lọ kọrin."

Adékọ̀yà tẹ̀ lé wọn padà síbi ọkọ̀ níwájú ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn níwájú Àlàájà, pẹ̀lú ṣòkòtò tí ó mọ́ àti aago ọwọ́. Success yọrí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì, ó rí i, ó sì fa orí padà.

Àlàájà nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Jẹnẹrétọ̀ ńlá ìjọsí," ó ní, "mo máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀, mo sì máa ń sá fún un. Èyí, o mú ariwo rẹ̀ kúrò, o wá fi èéfín rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo sì fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí pé ìwọ ni o sọ̀rọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà náà, mo lè gbé inú ilé mi?"

"Ẹ lè gbé inú rẹ̀, Ìyá. Mi ò ní í tan nǹkan yìí mọ́."

"Dìde. Mo ti forí jì ọ́. Iyanrìn ti ba aṣọ rẹ jẹ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Salaudeen, kó ẹrù mi wọlé." Adékọ̀yà sáré nawọ́ sí àpò ẹ̀gúsí. "Rárá," Àlàájà rọra wí, "fi í sílẹ̀. Ọmọ mi á gbé e."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Adékọ̀yà bá Salaudeen lọ sí Gbàgádà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà ohun tí òun ṣe, kí wọ́n lè dá oògùn ọkàn náà dúró.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, inú ṣọ́ọ̀ṣì dúdú fírífírí, ooru sì mú. Àwọn àlejò láti Gbàgádà jókòó síwájú pẹ̀lú kóòtù wọn. Adékọ̀yà dìde láìsí maikirofóònù, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́, ó sì ní láti tún un sọ, ní ohùn rara, ohun tí ó ti ṣòro láti sọ jẹ́jẹ́. "Atẹ́gùn kò purọ́ fún yín," ó ní. "Èmi ni mo pa irọ́ mọ́ atẹ́gùn. Ibi tí ó ti ń fẹ́ dáadáa wà. N kò farabalẹ̀ wádìí bóyá ibí ni." Ó sọ nípa àpótí, ó sọ nípa Àlàájà. Ẹnikẹ́ni kò de Sátánì ní ọjọ́ náà. Pásítọ̀ Ládé ní kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, kí àwọn lè rí ojú ara wọn.

Nígbà tí ó jáde, Success, tí kì í pa ẹnu mọ́, kàn kí i pé, "Ẹ kú ìsìn, sà," ó sì kọjá lọ. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó bú òun.

Ọyẹ́ dé ní ìparí ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀fúùfù gidi bẹ́ sílẹ̀ láti Òkè Ọya, eruku gba ojú ọ̀run, ẹ̀rọ orí òrùlé sì ń yí débi pé a kò rí apá rẹ̀ mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iná tí ó wọ inú bátìrì jẹ́ ti atẹ́gùn lóòótọ́. Adékọ̀yà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sáré wọ inú àlàfo láìmọ ohun tí ó ń wá. Ihò tí ó ti fi símẹ́ǹtì dí wà níbẹ̀. Fèrèsé Àlàájà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ti fi ìṣó tuntun kàn án.

Ó gba iwájú ilé lọ. Àlàájà wà lójú títì nínú oòrùn, ara rẹ̀ le, ó ń gbọn ẹ̀gúsí lórí atẹ, èèpo sì ń fò lọ sí ojú ọ̀nà bí kòkòrò.

"Alátẹ́gùn," ó ní, "ó mà dé lónìí."

"Ó dé, Ìyá."

Ó fẹ́ sọ fún un pé kò sí ewu mọ́, pé kí ó ṣí fèrèsé kí ó lè jókòó sí ìdí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ìṣó tuntun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó di etí kejì atẹ náà mú, Àlàájà kò sì sọ pé kí ó fi í sílẹ̀.